Ẹ̀rọ tí ń Tọ́ Bàálù Sọ́nà: Ìgbà Wo ni Kí A Tún Un Ṣe?



Bí ẹ bá gbé ojú sókè lálẹ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́, nígbà mìíràn ẹ ó rí iná kékeré kan tí ó ń ṣẹ́jú láàárín àwọn ìràwọ̀, tí ó sì ń lọ. Ọkọ̀ òfuurufú ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní bàálù. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn tàbí igba lè wà nínú rẹ̀. Òkùnkùn ṣú. Kò sí títì lójú ọ̀run, kò sì sí ẹni tí awakọ̀ lè bi léèrè ọ̀nà. Báwo ni ó ṣe mọ ibi tí ó ń lọ? Ta ni ó ń sọ fún un pé bàálù mìíràn ń bọ̀ níwájú?

Àwọn ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ń gbó, wọ́n sì ń bàjẹ́ bí ẹ̀rọ gbogbo. Ó di dandan kí a máa tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n bàálù kì í dẹ́kun láti máa kọjá, tọ̀sán-tòru. Ìgbà wo ni a ó wá rí àyè tún ẹ̀rọ náà ṣe? Ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín nìyí. Ẹ̀mí ṣòfò kí aráyé tó kọ́ ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rọ náà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n.

Èkíní ni rédíò. Òun ni awakọ̀ bàálù fi ń bá ẹni tí ó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wà nílẹ̀ yìí ni a ń pè ní olùdarí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé bàálù kan kò súnmọ́ èkejì jù.

Èkejì ni rédà. Ẹ̀rọ yìí ń rán ìgbì jáde sínú òfuurufú. Bí ìgbì náà bá kan bàálù, yóò padà wá. Báyìí ni olùdarí ṣe ń rí bàálù kọ̀ọ̀kan bí àmì kékeré lójú ẹ̀rọ, bí bàálù náà tilẹ̀ jìnnà ju kìlómítà 100 lọ.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ẹ̀rọ tí ń ké sí bàálù. Wọ́n lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì lè wà nínú igbó. Wọ́n ń ké láìdákẹ́. Etí ènìyàn kò gbọ́ igbe wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú bàálù ń gbọ́ ọ, awakọ̀ á sì mọ apá ibi tí wọ́n wà. Méjì nínú wọn ń ran bàálù lọ́wọ́ láti balẹ̀. Ọ̀kan ń fi han awakọ̀ bóyá ó ti yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Ìkejì ń fi hàn án bóyá ó ṣì ga jù tàbí ó ti wálẹ̀ jù. Ẹ fi ìkejì yìí sọ́kàn o, nítorí a ó tún sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe ń yan àsìkò

Ní abúlé wa, bí kànga bá dọ̀tí, a máa ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n a kì í ṣàdédé sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ nígbà tí àwọn ìyá wa wá pọn omi. A ó kọ́kọ́ yan ọjọ́. Akéde á lu agogo káàkiri. Olúkúlùkù á pọn omi sílẹ̀, tàbí kí ó lọ sí kànga mìíràn. Bí iṣẹ́ bá sì parí, a ó yẹ omi náà wò kí a tó ní kí àwọn ọmọ mu ún.

Bákan náà ni ti ẹ̀rọ bàálù. Ṣùgbọ́n bàálù kan lè kọjá lórí orílẹ̀-èdè mẹ́rin láàárín wákàtí mélòó kan. Bí ìlú kọ̀ọ̀kan bá ní òfin tirẹ̀, ìdàrúdàpọ̀ á dé. Nítorí náà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1944, aṣojú orílẹ̀-èdè 52 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti inú àdéhùn yìí ni wọ́n ti dá àjọ kan sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1947 ní ìlú Montreal ní Kánádà. Àjọ náà ni ó ń ṣe ìlànà tí gbogbo ìlú ń tẹ̀lé.

Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ lè ti gbọ́ orúkọ ASECNA. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1959 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé tí ó dá a sílẹ̀, ní ìlú Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà. Olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Dakar. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè yìí rí i pé ẹ̀rọ bàálù wọ́n gan-an, wọ́n sì pa owó àti òye wọn pọ̀ láti jọ tọ́jú wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Bí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá fẹ́ tún ẹ̀rọ kan ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú, báyìí ni ó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é.

Wọ́n á kọ́kọ́ wo ìwé tí a kọ àsìkò àwọn bàálù sí. Wọ́n á wá wákàtí tí bàálù kò pọ̀. Wọ́n á wo ojú ọjọ́ pẹ̀lú, nítorí pé nígbà tí kùrukùru tàbí ọyẹ́ bá bo ilẹ̀, ẹ̀rọ nìkan ni ojú awakọ̀.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á tẹ ìkéde jáde. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pe ìkéde yìí ni NOTAM. Òun ni agogo akéde fún àwọn awakọ̀ bàálù. Ó ń sọ ẹ̀rọ tí a fẹ́ pa, ibi tí ó wà, wákàtí tí a ó pa á àti wákàtí tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ kà á kí ó tó gbéra. Ẹ wò ó: bí aago bá lu 12 ní Kútọnu, 11 ni ó ń lù ní Lomé. Bí ìkéde bá sọ pé aago 11, ti ta ni ká tẹ̀ lé? Kí àṣìṣe má baà wà, aago kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń lò fún iṣẹ́ bàálù. Aago náà bá ti Tógò dọ́gba.

Nígbà tí wákàtí náà bá tó, oníṣẹ́ ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kàn pa ẹ̀rọ. Ó gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ olùdarí. Olùdarí ni ó mọ bàálù tí ó wà lókè ní ìṣẹ́jú yẹn. Bí ó bá ní kí wọ́n dúró, wọ́n á dúró.

Ọgbọ́n kan tún wà tí ó dára púpọ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ń ké sí bàálù ní orúkọ tirẹ̀. Lẹ́tà mélòó kan ni, tí ó ń fi ohùn kúkúrú àti ohùn gígùn pè léraléra. Nígbà tí a bá ń tún un ṣe, a máa ń pa ohùn orúkọ yìí mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà lè ṣì máa ké nítorí pé wọ́n ń dán an wò, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ara rẹ̀. Awakọ̀ tí kò bá gbọ́ orúkọ kò gbọdọ̀ gbà á gbọ́. Ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn lóru tí kò dárúkọ, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un?

Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á dán ẹ̀rọ wò. Nígbà mìíràn, wọ́n á rán bàálù kékeré kan gòkè láti yẹ̀ ẹ́ wò láti ojú ọ̀run. Ìgbà náà ni wọ́n á tó kéde pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìlànà náà dára. Ṣùgbọ́n ìwé kì í tẹ̀lé ara rẹ̀, ènìyàn ni ó ń tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a wo òru méjì tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe.

Òru ìkíní: Guam, ọdún 1997

Guam jẹ́ erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì, lábẹ́ àkóso Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1997, wọ́n pa ẹ̀rọ kan ní pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀ láti tún un ṣe. Ẹ̀rọ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn ni, èyí tí ń fi hàn bóyá bàálù ti wálẹ̀ jù. Láti oṣù Keje ni wọ́n ti pa á, wọ́n sì ti ṣètò pé kò ní padà títí di oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n tẹ ìkéde jáde. Kò sí ohun tí wọ́n fi pamọ́ níbẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, bàálù ńlá kan ti ilé iṣẹ́ Korean Air ń bọ̀ láti Seoul ní ilẹ̀ Kòríà. Ènìyàn 254 ni ó wà nínú rẹ̀. Òjò ń rọ̀, wọn kò sì rí ilẹ̀ dáadáa. Àwọn awakọ̀ ti gba ìkéde náà. Síbẹ̀, bí wọ́n ti ń súnmọ́ ilẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bi ara wọn léèrè bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ nínú bàálù ni ó jẹ́ kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Bàálù náà wálẹ̀ jù. Ó kọlu òkè kan tí ó jìn sí pápákọ̀ tó kìlómítà 6. Ènìyàn 228 ni ó kú.

Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí rí i pé ọ̀gá awakọ̀ kò múra sílẹ̀ dáadáa fún bí yóò ṣe balẹ̀ láìsí ẹ̀rọ náà. Wọ́n tún rí nǹkan mìíràn. Ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún olùdarí bí bàálù bá ti wálẹ̀ jù. Ẹ̀rọ yìí máa ń kìlọ̀ láìnídìí, ó sì ń dí àwọn olùdarí lọ́wọ́. Nítorí náà, wọ́n ti yí i padà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè kìlọ̀ ní ibi tí ó yẹ. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n gba ojú kan lọ́wọ́ awakọ̀ fún àtúnṣe, ojú kejì tí ó yẹ kí ó ràn án lọ́wọ́ sì ti fọ́ tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́. Ìkéde nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ wọ ẹni tí a kéde fún lọ́kàn, kí ó sì mọ ohun tí yóò ṣe dípò.

Òru kejì: Zürich, ọdún 2002

Ìtàn kejì yìí ṣẹlẹ̀ láàárín Swítsálandì àti Jámánì. Ilé iṣẹ́ tí ń darí bàálù ní Swítsálandì ń jẹ́ Skyguide. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìlú Zürich ń darí bàálù Swítsálandì, wọ́n sì tún fi apá kan ojú ọ̀run gúúsù Jámánì sí ìkáwọ́ rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2002, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá sí ọ́fíìsì yìí láti ṣiṣẹ́ lórí rédà àti tẹlifóònù. Wọ́n yan òru nítorí pé bàálù kò pọ̀ lóru. Títí dé ibí yìí, kò sí ohun tí ó burú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí iṣẹ́ náà mú kúrò. Ìkìlọ̀ kan máa ń hàn lójú rédà bí bàálù méjì bá fẹ́ pàdé. Ìkìlọ̀ yìí kò hàn mọ́ lóru náà, olùdarí kò sì mọ̀ pé kò ní hàn. Wọ́n tún pa tẹlifóònù tí ó fi ń bá àwọn ọ́fíìsì mìíràn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Tẹlifóònù mìíràn wà tí ó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní àbùkù.

Olùdarí méjì ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà. Ọ̀kan ti lọ sinmi. Ó ti di àṣà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí ẹnì kan sinmi nígbà tí bàálù kò bá pọ̀. Àwọn ọ̀gá mọ̀, wọn kò sì sọ pé kí wọ́n ṣíwọ́. Nítorí náà, ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó kù fún tábìlì méjì. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Bàálù kan tí ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bọ̀ wá balẹ̀ ní ìlú Friedrichshafen. Olùdarí fẹ́ fi tẹlifóònù sọ fún àwọn ará Friedrichshafen kí wọ́n gbà á. Tẹlifóònù kò lọ. Ó tún gbìyànjú, kò lọ. Gbogbo ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ bàálù tí ó pẹ́ yìí.

Ní àkókò kan náà, bàálù méjì mìíràn wà lókè. Ọ̀kan wá láti Moscow ní Rọ́ṣíà, ó ń lọ sí Barcelona ní Sípéènì. Ènìyàn 69 ni ó wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé ìwé láti ìlú Ufa tí wọ́n ń lọ lo ìsinmi wọn. Èkejì jẹ́ bàálù ẹrù ti DHL. Ó wá láti Bergamo ní Ítálì, ó ń lọ sí Brussels. Awakọ̀ méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀. Gíga kan náà ni àwọn méjèèjì wà, nǹkan bí mítà 11,000 sókè. Ọ̀nà wọn sì máa pàdé.

Ní ìlú Karlsruhe ní Jámánì, olùdarí mìíràn rí wọn lójú rédà tirẹ̀. Ìkìlọ̀ hàn níwájú rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ pàdé. Ó gbé tẹlifóònù, ó pe Zürich. Kò wọlé. Ó tún pè, ó tún pè. Kò wọlé. Rédíò Zürich ni àwọn awakọ̀ náà ń gbọ́, wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ojú rẹ̀ rí ewu, ẹnu rẹ̀ kò ràn án.

Nígbà tí olùdarí Zürich fi máa yíjú sí wọn, kò ku ìṣẹ́jú kan. Ó sọ fún bàálù Rọ́ṣíà pé kí ó sọ̀ kalẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìkìlọ̀ kan tún wà nínú bàálù kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi ń mọ̀ bí bàálù mìíràn bá súnmọ́ tòsí. Ẹ̀rọ náà sọ fún bàálù Rọ́ṣíà pé kí ó gòkè. Ó sọ fún bàálù ẹrù pé kí ó sọ̀ kalẹ̀. Bàálù ẹrù ṣe bí ẹ̀rọ ti wí. Bàálù Rọ́ṣíà ṣe bí olùdarí ti wí. Àwọn méjèèjì jọ sọ̀ kalẹ̀. Ní aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 35 lálẹ́, wọ́n kọlu ara wọn lókè ìlú Überlingen ní Jámánì. Gbogbo ènìyàn 71 ni ó kú.

Ohun tí ó tẹ̀lé e

Ìbànújẹ́ náà kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2004, ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ méjì kú nínú bàálù Rọ́ṣíà lọ sí ilé olùdarí náà, ó sì pa á. Báyìí ni ó gbẹ̀san lára ẹnì kan ṣoṣo fún ohun tí ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ìjọba Jámánì gbé èsì ìwádìí jáde. Ìwé náà sọ pé olùdarí kò tètè rí ewu náà, àti pé bàálù Rọ́ṣíà sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ní kí ó gòkè. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó fi hàn pé àwọn ọ̀gá fi àyè gba kí ẹnì kan ṣoṣo máa dá iṣẹ́ ṣe lóru. Ó tún fi hàn pé òfin nípa ẹ̀rọ inú bàálù kò ṣe kedere. Wọ́n tún òfin náà kọ fún gbogbo ayé: bí ẹ̀rọ inú bàálù bá wí ọ̀tọ̀, tí olùdarí wí ọ̀tọ̀, ti ẹ̀rọ ni kí awakọ̀ tẹ̀lé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, ilé ẹjọ́ kan ní Swítsálandì dá òṣìṣẹ́ Skyguide mẹ́rin lẹ́bi pé àìbìkítà wọn wà nínú ohun tí ó pa àwọn ènìyàn náà. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọ̀gá. Ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́rin mìíràn sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Ẹ̀yin ará wa, òru dára fún àtúnṣe nítorí pé bàálù kò pọ̀. Ṣùgbọ́n òru kan náà ni òṣìṣẹ́ kì í pọ̀. Òru tí a bá gba irin iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ni ó yẹ kí a fi ènìyàn kún un. Ní Zürich, wọ́n dín irin iṣẹ́ kù, ènìyàn sì dín kù pẹ̀lú. Bàálù tí ó pẹ́ náà kò sì mọ̀ pé àsìkò àtúnṣe ni. Kò sí wákàtí tí a lè yàn tí a ó fi ìdánilójú sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní kọjá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà ní abúlé. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní ẹ̀rọ omi, bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìlọ̀, bí fìríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí bá wà ní ilé ìwòsàn yín, ọjọ́ àtúnṣe ń bọ̀. Kí ẹ tó pa ẹ̀rọ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ta ni yóò nílò rẹ̀ ní wákàtí tí a yàn? Ṣé ó ti gbọ́, ṣé ó sì yé e? Kí ni yóò lò dípò, ṣé a sì ti dán nǹkan náà wò? Ta ni yóò dúró tì í títí iṣẹ́ yóò fi parí?

Bí ẹ bá rí ìdáhùn sí mẹ́ta, tí ẹ kò rí ìdáhùn sí ẹ̀kẹrin, ẹ sún ọjọ́ náà síwájú. Iṣẹ́ tí ó pẹ́ ṣì lè parí. Ọmọ tí ó kú kò ní padà wá sílé.

Ẹ jíròrò nínú ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ yín

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Guam àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Zürich? Ibo ni wọ́n ti kéde? Ibo ni ẹni tí iṣẹ́ kàn kò ti mọ̀?
2. Ní abúlé yín, ẹ̀rọ wo ni gbogbo ènìyàn jọ ń lò? Ta ni ó ń yan ọjọ́ àtúnṣe rẹ̀, báwo sì ni ẹ ṣe ń gbọ́?